Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé fún Ilẹ̀ Tí Omi Ń Yà Sí ní Èkó: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Náà Látẹnu Ẹni Tó Gbà Á

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi lépa ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lórí ilẹ̀ kan tó wà láàrin Kétu àti Ìkòròdú, ní ìhà ibi tí Odò Ògùn ti máa ń tàn ká kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún ẹni tó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí tó ń gbèrò àtirà á, nítorí pé iye owó ìwé náà nìkan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí ìjọba ń béèrè, ọ̀kan ló ṣe kókó jù lọ fún onílẹ̀ etí omi: ìwé ẹ̀rí ipa omi, èyí tó ń fi hàn pé ilé náà kò ní dí ojú omi, tí ẹ̀ka tó ń rí sí ojú àgbàrá ní Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Àyíká máa ń fún ni. Ẹni tó bá fi í ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní pàdánù owó. Ẹni tó bá fi í ṣe ti ìkẹyìn yóò ya pláànù lẹ́ẹ̀mejì, bí èmi ti ṣe.

Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2010 pín iṣẹ́ náà fún àjọ mẹ́ta. LASPPPA ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, LASBCA ló ń ṣọ́ ilé bí a ti ń kọ́ ọ, LASURA sì ń bójú tó àtúnṣe àwọn àdúgbò tó ti gbó. Ẹni tó ń tọrọ àṣẹ yóò mú ẹ̀rí wá pé òun ló ni ilẹ̀, yóò mú ìwé sọ́fè, pláànù láti ọwọ́ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀, àwòrán irin àti òpó pẹ̀lú ìṣirò wọn láti ọwọ́ ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, mọ̀, lẹ́tà tí ẹnjiníà fi gbà pé òun yóò bójú tó iṣẹ́ náà, àti ẹ̀rí owó orí. Bí ilé bá ṣe tóbi tó, ohun tí a fẹ́ fi ṣe àti àdúgbò tó wà ló ń pinnu owó tí ìjọba ń gbà, nítorí náà ẹ má fi ti ẹlòmíràn díwọ̀n tiyín. Fún onílẹ̀ orí òkè, gbogbo èyí kò ju kí ó ní sùúrù lọ.

Alágbàtà tí mo kọ́kọ́ gbéṣẹ́ fún, tí n kò ní dárúkọ, gba owó lọ́wọ́ mi ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ilẹ̀ náà gbẹ tó sì sán. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Pláànù ilé oníyàrá mẹ́rin tó gbé wá gba gbogbo ilẹ̀ náà láti ọgbà dé ọgbà, nígbà tí mo sì béèrè nípa kòtò tóóró tó gba ẹ̀yìn ilẹ̀ kọjá, ó ní gọ́tà lásán ni, pé a ó dí i. Nígbà tó yá, wọ́n dá pláànù náà padà, wọ́n ní kí a mú ìwé ẹ̀rí ipa omi wá, kò sì sí bí a ṣe lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà lórí ilé tó fẹ́ jókòó lé ojú omi. Owó tí mo san fún un kò padà mọ́. Ó dùn mí gan-an, síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé wọn kò gbà á, nítorí inú yàrá àwọn ọmọ mi ni àgbàrá náà ì bá máa gbà kọjá.

Ẹnì kejì tí mo bá ṣiṣẹ́ jẹ́ aṣètò ìlú, ìyá àgbàlagbà kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ òjò ló mọ̀ọ́mọ̀ yàn láti wá wo ilẹ̀ náà. Kí ó tó fọwọ́ kan pépà rárá, ó lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ìkóríta, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ibo ni omi ń dé níbí tó bá di oṣù kẹwàá?” Ìyá náà mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan tí ẹrẹ̀ ti fà sára ògiri, ní búlọ́ọ̀kù kẹrin láti ìsàlẹ̀, ó sì ní, “Ibí yìí ni, ọmọ mi. Lọ́dún tó bá sì le, ó ń kọjá ibẹ̀.” Awọnlẹ̀ tó tẹ̀ lé wa wọn gíga ìlà yẹn, ó sì gbé e sínú àwòrán ilẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà lọ, orí ìlà ẹrẹ̀ yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpinnu: ibi tí ilẹ̀ inú ilé yóò wà, ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ iná sí, ibi tí ihò ṣaláńgá kò gbọdọ̀ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú àgbàrá wá wọn kòtò náà fúnra wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe gọ́tà ilẹ̀ mi nìkan, pé omi àwọn òpópónà tó wà lókè wa ló ń gba ibẹ̀ lọ, wọ́n sì fa ìlà tí ilé mi kò gbọdọ̀ kọjá. Àlàfo tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún kánáàlì ńlá yàtọ̀ sí ti gọ́tà kékeré, ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n gbà láyè fún aládùúgbò yín kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí fún yín. Yàrá kan lọ nínú pláànù mi. Ọgbà tí mo fẹ́ mọ pa sì di ọgbà oníhò nísàlẹ̀, kí omi lè rí ibi kọjá.

Ohun kan wà tí ìwé náà nìkan kò lè yanjú. Omi tó ń yọ wá lẹ́nu ní ìhà yìí kì í ṣe òjò Èkó nìkan. Láti ọdún 1983 tí Ààrẹ Shehu Shagari ti ṣí Ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán ní ìtòsí Abẹ́òkúta, inú Odò Ògùn ni omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ ń gbà wá, ó sì lè dé bá wa ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Bí ọ̀sà bá tún kún lásìkò kan náà, kò ní gba omi odò wọlé bọ̀rọ̀, omi náà yóò sì máa padà sẹ́yìn sí Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, Agbóyì àti Mile 12. Àyẹ̀wò ojú àgbàrá ń wo bí omi yóò ṣe kúrò lórí ilẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní láti béèrè bí omi tó ti òkèèrè wá yóò ṣe dúró pẹ́ tó.

Ibi tí mo ti rí àléébù tó tóbi jù lọ nìyí. Òfin ètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1992, béèrè àyẹ̀wò ipa lórí àyíká fún ilẹ̀ ibùgbé tó ju hẹ́kítà méjì lọ, fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti fún ilé ọ́fíìsì tó ju àjà mẹ́rin lọ. Ilé ìdílé kan ṣoṣo nínú àkùrọ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ilé kéékèèké bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń dí ojú omi fún odindi àdúgbò. Gbogbo ẹrù yẹn wá já lé ìwé ẹ̀rí ipa omi lórí, a kò sì lè béèrè rẹ̀ àfi ìgbà tí a bá ti ra ilẹ̀ tán. Mo fẹ́ kí ìjọba gbé àwòrán gbogbo ipa omi síbi tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti lè rí i kí ó tó san kọ́bọ̀ fún ọmọ onílẹ̀.

Láti ọdún 2023 ni ìjọba Èkó, lábẹ́ Tókunbọ̀ Wahab, Kọmíṣánnà fún Ọ̀rọ̀ Àyíká nígbà náà, ti ń wó ilé àti ọgbà tó wà lójú ipa Odò Ìkọ̀tá àti àwọn kánáàlì ìhà Lẹ́kì. Mo káàánú àwọn onílé náà tọkàntọkàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ka ìlà tí wọ́n fà sínú àwòrán mi sí ohun iyebíye.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún ètò náà ní mẹ́ta: ó ń pẹ́, àwọn ọ́fíìsì tí a ní láti dé sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá. Aṣètò ìlú mi gba márùn-ún pérépéré. Ọdún méjì ni òfin 1992 fún ìwé àṣẹ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó di pé a ní láti sọ ọ́ dọ̀tun, nítorí náà ẹ má gbà á bí owó ìpìlẹ̀ kò bá tíì sí nílẹ̀. Ní ti wa, ìpìlẹ̀ ti jáde, ó ga ju ìlà ẹrẹ̀ ògiri ìyá ẹlẹ́ja lọ ní búlọ́ọ̀kù méjì, a sì ń retí àwọn LASBCA kí wọ́n wá wo irin kí a tó da kọnkéré.