Ọ́pítíkà àbí kọ́áksíà: èwo ni ká fi so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ẹ̀rọ ohùn?

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, ẹ ó rí ihò kékeré kan tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀. Ihò okùn ọ́pítíkà nìyẹn. Toshiba ló gbé e jáde ní 1983. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gbé ohùn. Okùn kejì ni kọ́áksíà: bàbà ni inú tirẹ̀, orí rẹ̀ sì jọ ti wáyà tí a fi ń so ẹ̀rọ fídíò láyé ọjọ́sí.

Ní ti dídùn ohùn, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà tàn yín: ọgbọọgba ni wọ́n. Méjèèjì ń gbé Dolby Digital 5.1 (ohùn sinimá tí a fún pọ̀, tí a pín sí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà), kò sì sí èyí tó lè gbé Dolby TrueHD (ohùn sinimá tí a kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀).

Ọ̀rọ̀ iná ló yà wọ́n. Nílé wa l'Ọ́bà-Ilé, bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ohùn á máa kùn hùùù bí agbo oyin, torí kọ́áksíà so irin ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Mo fi ọ́pítíkà rọ́pò rẹ̀, ilé pa rọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ọ́pítíkà kì í gba ìyà. Bí ẹ bá ká a kọ́rọ́ sẹ́yìn àga, ó lè ṣẹ́ nínú (ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan pa). Ẹ sì yọ ìdérí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó tì í bọ ihò! Kọ́áksíà yi jù ú lọ.

Ọ́pítíkà lèmi á rà, àfi bí ọmọdé bá pọ̀ nílé.