Agolo túnà tí mo rà ní Kábbà: mi ò ní padà sẹ́yìn ẹ̀

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń dáná tà ní Kábbà, ẹja wà lára ohun tí mo fi ń rówó jẹun, torí náà tí mo bá ní ẹja kan dáa ẹ gbà mí gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rajà tẹ́lẹ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn) ta sàdíìnì tí déètì ẹ̀ ti kọjá fún mi, ilé ni mo ti rí i, mo dá a padà wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ni mo ti rà á. Ó dùn mí gan-an. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta nǹkan inú agolo lọ́nà ọjà, òun fúnra ẹ̀ ló máa yí ìdí agolo sókè fún ẹ kó o ka déètì ẹ̀ kó o tó sanwó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí túnà yìí.

Ẹja inú ẹ̀ ṣù dáadáa, kò fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, inú omi iyọ̀ ló wà kì í ṣe inú òróró. Kò lọ́ràá bíi Títúsì o, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ lásán á gbẹ lẹ́nu yín. Mo ge àlùbọ́sà àti rodo, mo fi òróró díẹ̀ yí i pọ̀ lórí iná, mo bù ú lé iṣu sísè, àwọn oníbàárà mi béèrè òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dà á sínú ọbẹ̀ iyán ṣá, ṣe ló máa túká.

Ohun tó wá mú mi fẹ́ràn ẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Wọ́n kọ irú ẹja tó jẹ́, skipjack, wọ́n kọ ọ́ pé ìwọ̀-oòrùn àti àárín òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti mú un, pé Thailand ni wọ́n ti dì í, àmì ẹja aláwọ̀ búlúù ti MSC (àjọ tó ń jẹ́rìí pé wọn ò pa ẹja náà ní ìpa-run) sì wà níbẹ̀. Àbúrò mi tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì ló jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mi ò lè gbàgbé.

Àwọn erékùṣù kéékèèké ló ni omi yẹn. Nauru, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ ò ju kìlómítà 21 níbùú-lóròó lọ, ẹsẹ̀ lásán lẹ lè fi rìn yí i ká kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ òkun tó jẹ́ tiẹ̀ lọ jìnnà tó máìlì 200 orí omi. Látijọ́, ọkọ̀ ẹja àwọn orílẹ̀-èdè ńlá á bá Kiribati nájà, tí Kiribati bá ní owó yẹn kéré wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ bá Tuvalu, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kan lu èkejì nìyẹn, owó kékeré ló ń kù fẹ́ni tó ni omi. Ní 1982 ni wọ́n fọwọ́ síwèé ní Nauru pé àwọn ò ní dá nájà mọ́. Àwọn mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀ báyìí: Nauru, Kiribati, Tuvalu, Palau, Micronesia, Erékùṣù Marshall, Erékùṣù Solomon àti Papua New Guinea. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjọ́. Ẹ gbọ́ dáadáa o, ọjọ́ ni wọ́n ń tà! Wọ́n á pinnu iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá tó ń da àwọ̀n yí ẹja ká lè fi pẹja lọ́dún, wọ́n á pín in láàárín ara wọn, ẹni tó bá fẹ́ pẹja á ra ọjọ́, wọn kì í sì í ta ọjọ́ kan fún ọkọ̀ òkèèrè ní iye tó dín sí $8,000. Owó tí wọ́n ń rí jọ kúrò ní bíi mílíọ̀nù $60 ní 2010, ó súnmọ́ mílíọ̀nù $500 kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Ẹja ò mọ ààlà kẹ̀. Lọ́dún tí omi bá gbóná lápá ìlà-oòrùn, túnà á ṣí lọ sọ́dọ̀ Kiribati, lọ́dún míì á padà sápá Papua New Guinea, ẹni tí ẹja ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ lè ta ọjọ́ tiẹ̀ fún ẹnì kejì, kò sẹ́ni tébi máa pa. Láti 2010 èèyàn kan gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń kó, àkókò kan sì wà lọ́dún tí wọn ò gbọ́dọ̀ da àwọ̀n yí àwọn igi àti ráàfù tó ń léfòó ká, torí abẹ́ ẹ̀ ni ọmọ ẹja máa ń kóra jọ sí.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀, etí odò Ọya ló dàgbà sí, kì í jẹ ẹja agolo. Nígbà tá a sọ èyí fún un ó dákẹ́, ó wá ní ẹja Lọ́kọ́ja tóun mọ̀ ní kékeré ò rí bí èyí tí wọ́n ń tà báyìí, àwọ̀n olójú wínníwínní ló kó ọmọ ẹja lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọya yìí, láti Guinea ló ti ń bọ̀, ó gba Mali, ó gba Niger kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló máa dá ṣọ́ ẹja inú ẹ̀? Lórí òkun, Nàìjíríà, Benin, Togo, Gánà, Ivory Coast àti Liberia ti jọ dá ìgbìmọ̀ ẹja sílẹ̀ láti 2007, mo fẹ́ kí wọ́n múra sí i, kọ́rọ̀ pípa ẹja nínú odò náà rí irú ẹ̀.

Àléébù túnà náà: ó wọ́n, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sàdíìnì méjì, etí agolo ẹ̀ mú, ó gé mi níka, kì í sì í pẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyá náà gba márùn-ún pé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo àmì búlúù yẹn dáadáa, torí òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó rọjú díẹ̀ tí wọn ò kọ ibi tẹ́ja ti wá sí i rárá, mo ti sọ fún ìyá pé kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wá fún un, ó ní òun á béèrè.