SSD olówó pọ́ọ́kú tí kò ní DRAM: kọ̀ǹpútà ló ń jìyà rẹ̀

Fídíò ìnáwó ni mò ń yà jẹun, torí náà fáìlì ńláńlá kì í tán lọ́wọ́ mi. SSD 1TB tí mo rà yìí (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí), ti SATA ni, ìyẹn irú ìsopọ̀ àtijọ́. 550 MB/s ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Orí rẹ̀ náà ni mo gbé Windows sí.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ń tan wéré, Chrome náà kì í jáfara. Ẹni tó bá jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń tẹ̀ lè má rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá da fídíò bíi 100GB lé e lórí. Á kọ́kọ́ sáré bíi 450 MB/s, kò ní pẹ́ já wálẹ̀ sí 50. Ìgbà yẹn ni gbogbo kọ̀ǹpútà á gan pa: ẹ tẹ Start, kò dáhùn, ẹ kọ orúkọ fódà, ó dìgbà tó bá wù ú kí lẹ́tà tó jáde. Mo ṣí Task Manager: CPU 8%, RAM ò tíì kún dé ìdajì, àmọ́ Disk ti dúró gbọin sórí 100%. Average response time (àsìkò tó fi ń dáhùn) tó máa ń wà ní 1 ms tàbí 2 ti di 900.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi RAM kún un. Mo fi kún un, kò yí nǹkan kan padà, torí ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Controller, ìyẹn ọpọlọ inú SSD náà, ló ń falẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí gbogbo nǹkan wà. SSD gidi máa ń ní DRAM, mẹ́mọ́rì kékeré tó yára, bíi 1GB fún 1TB, tí àkọsílẹ̀ yẹn ń gbé. Èyí ò ní, inú NAND tó lọ́ra, níbi tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà, ló ti ń lọ wá a. SLC cache, àyè kékeré tó fi ń yára níbẹ̀rẹ̀, sì ti kún, ó ń kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò bó ṣe ń gba tuntun. Ìlà kan ṣoṣo ni SATA ní, àṣẹ 32 péré ló sì lè tò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fídíò bá ti gba àyè yẹn tán, nǹkan bíńtín tí Windows fẹ́ kà á dúró sẹ́yìn. Ó ń dùn mí pé CPU tó lágbára báyìí kàn jókòó, ó ń retí.

Ẹ bi ọlọ́jà léèrè DRAM kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ NVMe (irú SSD tó yára ju ti SATA lọ) tí kò ní in sàn díẹ̀, torí wọ́n lè yá lára RAM kọ̀ǹpútà. Ti SATA ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Samsung 870 EVO tó ní DRAM ni mo gbé Windows lọ sí. Disk ṣì ń kan 100% bí mo bá ń da fídíò, àmọ́ mò ń báṣẹ́ mi lọ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún SSD tí mo kọ́kọ́ rà yẹn. Iṣẹ́ tó ti parí nìkan ni mò ń kó sórí rẹ̀ báyìí, ó sì ń gbé ìyẹn dáadáa.