Mo gbé owó bàbá mi lọ sí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù
Kọ́bọ̀ oníhò mọ́kànlá àti bébà ṣílè kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1918 ni bàbá mi fi sílẹ̀ nínú agolo Bournvita. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé gbàǹjo kan ní àárín ìlú.

Ọkùnrin tó yẹ̀ wọ́n wò kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn mi wà lára kọ́bọ̀ 1936 tí wọ́n kọ orúkọ Edward VIII sí, ọba tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ láìtíì dé adé. Mo ti ń fọkàn kọ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: wọ́n rọ ọ́ rẹpẹtẹ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, torí orúkọ àti adé ló wà lára rẹ̀, kò sí àwòrán orí ọba. Tèmi tún wá burú: mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú họ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó ní dídán yẹn gan-an ló bà á jẹ́.

Bébà ṣílè ló yọ mí. Ojú ìṣẹ́po mẹ́rin, etí kan ti ya, síbẹ̀ àwọn méjì fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ó fi dé £180. Wọ́n yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n tún yọ owó orí lórí ìyẹn, £147.60 ló kù. Wọ́n gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó rà á náà o, idà olójú méjì!

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni mo fi dúró kí owó tó wọlé. Bí mo bá pè, orin ni wọ́n ń fi sí mi létí. Ẹni tí owó ń jó lójú, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀.

Àwọn kọ́bọ̀ wà nílé. Ọmọ mi ti so ọ̀kan mọ́rùn.