Ìkìlọ̀ o: igniter tí wọ́n ní ó kú, kò kú

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tẹ́ ẹ ń fi sítóòfù pellet mú ilé gbóná tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Agbègbè Worcester ní Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n wà, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n sì máa ń rán síni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n sùn lọ. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi kó tó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: pellet ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fún mọ́ra títí ó fi dà bí oúnjẹ adìyẹ. Igniter ni irin kékeré kan tó wà lẹ́yìn kòtò iná, níbi tí pellet ti ń jó. Tí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, á gbóná títí á fi pọ́n, pellet á sì gbiná. Bí iná bá ti mú, iṣẹ́ igniter parí, ó di ìgbà tí sítóòfù bá kú tí wọ́n fẹ́ tún un dá. Ẹ di èyí mú: iye ìgbà tẹ́ ẹ bá dáná ló ń jẹ ẹ́ run, kì í ṣe iye wákàtí tí iná fi ń jó.

Ní oṣù Kẹwàá, mo ní kí wọ́n bá mi so thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wo bí ilé ṣe gbóná sí kó tó tan sítóòfù tàbí kó pa á, mọ́ sítóòfù mi, torí ó ti sú mi láti máa jí lóru lọ tẹ bọ́tìnì. Ọmọkùnrin náà so ó, ó gbé e sí "on/off", ó fi àlàfo rẹ̀ sí dígírì 1 péré. Bí ilé bá fi díẹ̀ gbóná kọjá 70 Fahrenheit, sítóòfù á kú pátápátá. Bó bá tutù dé 69, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Bàbá Tóbi, nǹkan yìí mà tún ti ń kùn o." A kà á ní Sátidé kan: láti àárọ̀ títí a fi sùn, ìgbà 11 ló kú tó tún jí.

Oṣù Kejìlá, kò ràn mọ́. Ọmọkùnrin náà dé, ó ní igniter ti jóná, ó gba 240 dọ́là, ó mú ti àtijọ́ lọ. Oṣù Kìíní, 240 mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí náà ti lọ, ó sì ti ba bọ́ọ̀dù tó ń darí sítóòfù jẹ́," kí n wá 700 dọ́là. Mo ní kó fún mi láyè. Ó bínú jáde, ó gbàgbé igniter tó yọ sórí ilẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan wà ní ojúlé kejì sí wa, irú sítóòfù yìí ló fi ń yáná láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé mítà tí àwọn oníná fi ń wọn wáyà wá, ó fi kan orí wáyà méjèèjì tó jáde lára igniter náà: 46 ohm, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Ó ní èyí tó bá jẹ́ 300 wáàtì lórí iná 120 volt, bíi 48 ló yẹ kó kà. Òkú igniter kì í ka nǹkan kan. A wá tú kòtò iná. Ihò tí ooru igniter ń gbà wọlé ti dí, eérú ti dì síbẹ̀, ó le bí àpáàdì. A fi sùkúrúdíráfà họ ọ́, a dá "òkú" náà padà sáyè rẹ̀, a tẹ bọ́tìnì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí ahọ́n iná yọ. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Mi ò lè búra pé ti àkọ́kọ́ kò kú. Ó ṣáà ti mú un lọ. Igniter máa ń gbó lóòótọ́, ẹni tó bá sì ń dá a níná nígbà 11 lójúmọ́ á yára rí òpin rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń tà á ló ṣètò bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá pè, ẹ ní kó họ kòtò iná kó tó dárúkọ owó. Ẹ ní kó yọ wáyà igniter, kó fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ní ti thermostat, bí sítóòfù yín bá ní "Hi/Lo", ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí láàárín òtútù: iná á kàn rẹlẹ̀ ni, kò ní kú. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, Hi/Lo á fẹ́ẹ̀ sè yín nínú ilé, á sì máa jẹ pellet lásán. On/off dára nígbà yẹn, kẹ́ ẹ ṣáà fẹ àlàfo rẹ̀ dé dígírì 3.

Èèyàn wa méjì mìíràn ti kó sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n so thermostat hítà ara ògiri, èyí tó ń gbé iná ńlá, mọ́ sítóòfù ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ jóná, wọ́n sì tún ta bọ́ọ̀dù fún un. Ti ìkejì ló bà mí lẹ́rù jù. Èéfín kún inú sítóòfù, iná ò mú, wọ́n ní kó da ẹ̀kúnwọ́ pellet sí i. Ẹ má dán an wò láé! Èéfín yẹn lè gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, kó dún gbàmù lójú yín. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ kó gbogbo pellet inú kòtò jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin náà tún fi nọ́ńbà mìíràn pè mí. Ó ní àwọn ń ta igniter mẹ́ta ní owó méjì, kí n tètè kó o pamọ́ de òtútù.