Bẹ́líìtì tó ń ka lílù ọkàn ẹṣin: ohun tí mo rí lára Àrẹ̀mú kó tó di Ojúde Ọba

Ìbọn kẹta dún, mo wo iye tí bẹ́líìtì tí mo dè mọ́ ẹṣin mi kà sórí fóònù mi: ìgbà 126 ní ìṣẹ́jú kan. Àrẹ̀mú dúró gbagidi lábẹ́ mi, kò ju etí, kò fi pátákò janlẹ̀. Àwọn ará ilé wa ń yìn ín pé ẹṣin onísùúrù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tó ti ń jẹ koríko, 36 ni mo kà. Bó ṣe yẹ nìyẹn, torí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan ni ọkàn àgbà ẹṣin tó ń sinmi máa ń lù. Kò rìn, kò sáré, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń lù tó báyẹn. Ìbẹ̀rù ló kàn án mọ́lẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú gàárì, mo fà á lọ sábẹ́ igi. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó padà sí 40. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gùn ún lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mò ń pe ìbẹ̀rù rẹ̀ ní sùúrù. Ó dùn mí wọra.

Ìyà tí àwọn tó ta bẹ́líìtì yìí fi jẹ mí kò kéré o. ₦185,000 ni mo san. Nígbà tó dé, 0 ló ń kà, bí kò bá jẹ́ 0, á di 230 lára ẹṣin tó ń sùn. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa fóònù yín, kẹ́ ẹ tún un tàn." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á tí mo tún un tàn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹṣin mi ló ń ṣàìsàn. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kan tó ń bá wọn tún irinṣẹ́ ṣe pè mí fúnra rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ rẹ irun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é?" Mi ò rẹ ẹ́, kò sí nínú ìwé tó bá a wá. Ó ní kí n fi omi oníyọ̀ rin ibi tí irin méjèèjì tó wà lára bẹ́líìtì náà ti kan ara ẹṣin títí dé awọ, kí n sì dè é kó le dáadáa. Kò gbé fóònù sílẹ̀ títí 38 fi yọ. "Ẹ rí i? Ara ẹṣin yín dá." Kí Ọlọ́run bá mi san án fún un.

Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni àmì pupa tó máa ń yọ lórí fóònù bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré, tí wọ́n kọ "másùnmáwo" sí. Bí màlámù tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gbé ọkà bàbà dé, tí inú Àrẹ̀mú ń dùn, pupa náà ni! Ayọ̀ ń mú ọkàn sáré, eré sísá náà ń mú un sáré. Ẹni tí kò bá wo ojú ẹṣin, etí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ mọ́ ọn á ṣì í kà. Dókítà ẹran wa ní bí mo bá fẹ́ àrídájú, ká gba itọ́ rẹ̀ lọ wo kọ́tísólì, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà másùnmáwo, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, torí ó máa ń ga láàárọ̀, á sì wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń tajà ti sọ ìyẹn fún mi.

Kí ìró ìbọn lè mọ́ ọn lára, a wá ń yìnbọn láti òkèèrè, à ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bó bá ti kọjá 60, a ó dúró. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tó kan ìdílé wa, 71 ni mo rí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti ra òmíràn fún ẹṣin ẹ̀gbọ́n mi.