Oògùn 5 lórí tábìlì: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò oògùn

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Màá sọ bí ẹyọ kan ṣe já bọ́.

Ó ti pé ọdún 9 báyìí tí wọ́n ti sọ fún mi pé schizophrenia ló ń ṣe mí, àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, oògùn 5 ni mò ń lò, hóró 9 lójúmọ́. Kí n má parọ́, mi ò lè sọ iṣẹ́ tí mẹ́ta nínú wọn ń ṣe. Mo kàn ń gbé wọn mì ni.

Apoògùn tó dá mi lóhùn ní kí n da gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n fa ìlà sí bébà kan: orúkọ oògùn, ìgbà tó wọlé, ìdí tó fi wọlé. Wọ́n wá ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Haloperidol ló kọ́kọ́ dé, nítorí ohùn tí mò ń gbọ́. Ohùn náà rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara mi le bí igi, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n débi pé ìdajì omi inú ife ti máa ń dà sí mi láyà kó tó dé ẹnu. Ni wọ́n bá fi trihexyphenidyl kún un. Ọwọ́ gbígbọ̀n dínkù, ẹnu mi wá gbẹ táútáú, ìgbọ̀nsẹ̀ di ogun, lẹ́tà inú ìwé ń wọnú ara wọn. Dókítà mìíràn ní ká fi olanzapine rọ́pò haloperidol. Ká bẹ̀rẹ̀ èyí ná, tó bá yá a ó máa yọ tọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Dókítà yẹn kúrò níbẹ̀. "Tó bá yá" di ọdún 3. Olanzapine mú mi sanra, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ń gòkè, ni metformin bá wọlé. Diazepam ńkọ́? Mi ò rántí ju pé mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Apoògùn fi iwájú ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Mo wo bébà yẹn títí. Gbogbo wọn ló ní ìdí lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, kódà diazepam. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ní kí ọ̀kan jáde ni kò sí.

Mo ti rò pé wọ́n á ní ẹni tó bá ń lo oògùn ohùn méjì papọ̀ ti ṣìnà. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìlànà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fáwọn dókítà, gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014 ni pé kí dókítà má ṣe pa méjì pọ̀ lọ títí, àfi fúngbà díẹ̀, bíi ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Tèmi gan-an nìyẹn, ìgbà díẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta! Àmọ́ wọ́n tún sọ fún mi nípa ìwádìí kan láti Finland tó jáde ní 2019, èèyàn 62,250, níbi tí àwọn tó ń lo oògùn ohùn méjì mìíràn, clozapine pẹ̀lú aripiprazole, kì í ti í sábà padà sílé ìwòsàn tó àwọn tó ń lo clozapine nìkan. Àwọn kan ń bára wọn ṣe, ni mo bá ní. Tèmi kọ́.

Wọ́n tún béèrè bóyá mò ń mu sìgá. Mo fẹ́ bínú, mo rò pé ìwàásù ló kàn. Àṣé èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ olanzapine dànù, torí náà ẹni tó bá jáwọ́ lójijì, ìwọ̀n oògùn ara rẹ̀ lè gòkè. Ẹnì kankan ò sọ ìyẹn fún mi rí.

Yíyọ haloperidol gba oṣù 7. Èmi fúnra mi ti da gbogbo ẹ̀ nù lọ́jọ́ kan rí, ọjọ́ 4 ni mi ò fi sùn, ilé ìwòsàn ni mo bá ara mi. Torí ẹ̀ mi ò ráhùn pé wọ́n lọ́ra. Wọ́n fi trihexyphenidyl sílẹ̀ títí haloperidol fi tán kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ wákàtí tí mo bá sùn sílẹ̀ láràárọ̀, torí oorun mi ló máa ń kọ́kọ́ sá kí ohùn tó padà. Lóṣù kẹta, ohùn kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ọjọ́ méjì. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ní ká dúró síbi tá a dé, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já rèé. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí mo ti ń gba oògùn, wọn ò pè wọ́n. Àwọn yẹn ò tún àkọsílẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo lọ gba tuntun, haloperidol àti trihexyphenidyl ni wọ́n tún dì fún mi, bíi tàtijọ́. Ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí i. Iṣẹ́ oṣù 7, ìpè fóònù kan ṣoṣo ló kù!

Olanzapine àti metformin ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú ìdajì hóró diazepam tí wọ́n ṣì ń gé kù. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan ti ikọ́ àti ti ara ríro tẹ́ ẹ rà fúnra yín. Mo gbàgbé tèmi sílé, wọ́n sì dá mi padà láti lọ mú un wá.